Dídi Ìrù Ẹṣin ní Yorkshire

Ìrù ẹṣin tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ kì í sí lára ẹṣin mọ́. Ọwọ́ ọba la ti ń rí i, tó ti di ìrùkẹ̀rẹ̀ tó funfun báláú. A sì ń rí i lọ́wọ́ babaláwo àti lọ́wọ́ olóyè tó ń fi í dáhùn nígbà tí àwọn èèyàn bá ń kí i. Ẹṣin kú, ó fi ìrù sáyé, làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ìrù tó ṣì wà lára ẹṣin alààyè, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, tí ẹṣin fi ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Irú ìrù bẹ́ẹ̀ ni mo lọ fọwọ́ kàn ní Yorkshire, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í kó gún régé kí ẹṣin tó jáde síwájú adájọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ilé onídìrí sì ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá dàgbà ní ìlú wa kò lè ṣàì mọ ẹṣin, torí pé lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nígbà Ojúde Ọba, àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀, tìlù tìbọn, taṣọ olówó iyebíye. Gàárì ni gbogbo ojú máa ń wò, àti ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Nígbà tí mo wá dé Lọ́ńdọ̀nù, mo rí àwòrán ẹṣin ìdíje kan tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn. Wọ́n ti di ìrù rẹ̀ láti ìdí sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ dídì náà tò tẹ̀lé ara wọn, kò sí èyí tó yẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó di èyí mọ nǹkan tí ìyá mi mọ̀. Ó wù mí kí n dúró ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí n wo ọwọ́ rẹ̀, kí n sì bi í ní ìbéèrè.

Láti King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin ń gbéni dé York ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Ọkọ̀ mìíràn tó kéré, tí kì í kánjú, ló ń gbéni láti ibẹ̀ lọ sí Harrogate. Ní Knaresborough, ó gba orí afárá òkúta gíga kan kọjá, odò Nidd wà jìnnà nísàlẹ̀, àwọn ilé sì so mọ́ ara òkè lẹ́bàá odò náà. Omi ilẹ̀ ló sọ Harrogate di ìlú olókìkí: omi tó ní imí ọjọ́ nínú, tí àwọn olówó ayé àtijọ́ ń ti ọ̀nà jíjìn wá mu, tí wọ́n sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀ láti wá ìwòsàn. Lóde òní, bí ẹ bá dárúkọ ìlú náà fún àwọn tó ń sin ẹran, Great Yorkshire Show ni wọ́n máa kọ́kọ́ rántí. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Yorkshire, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1837, ló ń ṣe é. Ní 1838 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Fulford, lẹ́bàá York. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìlú mìíràn, títí ó fi fìdí kalẹ̀ sí Harrogate ní 1951. Oṣù Keje ni wọ́n ń ṣe é, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, pẹ̀lú màlúù, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, wàràkàṣì àti ẹṣin lóríṣiríṣi.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí iṣẹ́ ti parí, nítorí náà n kò kọ́kọ́ lọ sí pápá ìdíje. Ọgbà ẹṣin kan tó wà lọ́nà Pateley Bridge ni mo forí lé, níbi tí pápá oko ti tútù yọ̀yọ̀, tí odi òkúta tí wọ́n tò láìlo símẹ́ǹtì sì pààlà láàárín oko kan àti èkejì. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ọ̀ṣogbo tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds, ló mú mi mọ ìyá tó ni ọgbà náà. Wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, àtìgbà èwe wọn ni wọ́n sì ti ń tọ́jú ẹṣin. Bí ìdíje bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ẹlẹ́ṣin mìíràn máa ń pè wọ́n kí wọ́n wá bá àwọn di irun ẹran wọn. Wọ́n bu tíì fún mi, wọ́n wo bàtà ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì lọ gbé bàtà rọ́bà wá kí n fi pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú mi lọ bá abo ẹṣin pupa kan tó ń jẹ koríko gbígbẹ nínú ilé rẹ̀, wọ́n ní, "Òun ni ọ̀gá rẹ títí o ó fi ṣe tán."

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò kan irun rárá. Ojú ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ó ń rí ọ̀nà jíjìn lọ́tùn-ún àti lósì, àmọ́ kò rí ọ̀gangan ẹ̀yìn ìrù rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni onídìrí ìrù ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, apá èjìká ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹṣin mọ ohùn rẹ̀, á gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, á sì rọra fi ọwọ́ náà tọ ẹ̀yìn lọ títí dé ìdí láìgbé e kúrò, kí ẹṣin lè mọ ibi tí èèyàn wà ní gbogbo ìgbà. Ìyá náà sọ fún mi pé kí n sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kí n sì yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀. Ẹni tó bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán nítorí ìbẹ̀rù ni ìpàá ẹṣin máa ń bá dáadáa, torí pé ẹsẹ̀ ẹran náà á ti rí àyè na tán. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn, ìpàá náà kò ní lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ́ kí n mọ ìrù. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e sókè láti abẹ́, wọ́n ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Egungun kéékèèké, bíi 18 nínú ọ̀pọ̀ ẹṣin, ló so kọ́ra nínú rẹ̀, wọ́n sì ń tín-ínrín sí i bí wọ́n ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Irun bo òkè rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Abẹ́ rẹ̀ jẹ́ awọ lásán, ó rọ̀, ó sì gbóná. Ìrù tí ẹṣin fún mọ́ ìdí típẹ́típẹ́ ń sọ pé ẹ̀rù ń bà á tàbí òtútù ń mú un. Èyí tó gbé sókè, orí rẹ̀ ti yá. Èyí tó bá ń fì fìrìfìrì nígbà tí kò sí eṣinṣin kankan nítòsí, inú ló ń bí ẹni tó ni ín. Ìyá náà kì í mú irun kankan títí ìrù yóò fi dẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Nígbà tí ẹṣin pupa yìí mí kanlẹ̀, tí ìrù rẹ̀ sì dẹ̀, wọ́n mi orí sí mi pé ó yá.

Àná ọjọ́ náà ni wọ́n ti fọ ìrù ọ̀hún. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje gan-an, irun á máa yọ̀ lọ́wọ́, dídì kò sì ní dúró. Bí ó bá sun oorun ọjọ́ kan, ara irun á padà ní ìdìmú díẹ̀. Ohun èlò wọn kò pọ̀: garawa omi, kànrìnkàn, òòyà, òwú tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti irun ẹṣin mu, abẹ́rẹ́ ńlá tí ẹnu rẹ̀ kò mú, àti báńdéèjì. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò iwájú aṣọ ìbòṣẹ́, àfi garawa, kí ó má baà jẹ́ pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ká ilẹ̀ lẹ́yìn ẹṣin láti wá nǹkan.

Òkè téńté, níbi tí ìrù ti yọ lára ìdí, ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún kànrìnkàn, wọ́n fi pa irun náà lára kí ó lè tutù díẹ̀, kí ó má fò kiri. Wọ́n fi ìka méjì yọ irun díẹ̀ láti etí ọ̀tún, wọ́n yọ ìwọ̀n kan náà láti etí òsì, wọ́n fi wọ́n dábùú ara wọn lójú egungun. Wọ́n tún mú ẹ̀ka kẹta láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó di mẹ́ta, dídì sì bẹ̀rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ẹ̀ka kan bá ti kọjá sí àárín, wọ́n á yọ irun díẹ̀ kún un láti etí, láti ibi tí irun àti awọ abẹ́ ìrù ti pààlà. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Irun etí ń gba orí irun àárín kọjá wá sójú dídì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ìlà náà sì ń dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì bí egungun ẹja.

Ibi tí ìrù ti yàtọ̀ sí orí èèyàn nìyí. Lórí èèyàn, onídìrí á ya irun sí ipa, abẹ́ ipa náà gan-an ni á sì máa ṣa irun kún ọwọ́ bó ṣe ń lọ. Lára ìrù, etí méjèèjì nìkan ni irun ti ń wá. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan irun àárín. Ó tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ dídì, ó ń dán. Bí ẹnì kan bá yọ nínú irun àárín kún un, ojú dídì á wú, ìlà á sì dàrú. Ìdí nìyẹn tí irun etí fi ṣe pàtàkì, tí ẹni tó bá fẹ́ máa di ìrù ẹṣin rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n fa irun etí rẹ̀ tu. Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn kan ń gbà ṣe ìrù lọ́ṣọ̀ọ́: wọ́n á máa tu irun etí díẹ̀díẹ̀ kí òkè ìrù lè tín-ínrín. Ẹṣin tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò ní irun tí a lè dì mọ́, àfi kí ó tún hù.

Mo bi ìyá náà pé kí ni ń jẹ́ kí dídì wọn le tó bẹ́ẹ̀ láìfi agbára fà á. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n fi àtàńpàkò tẹ ibi tí ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, kí ó má baà tú, wọ́n sì dá mi lóhùn: "Mú irun díẹ̀, mú un lóòrèkóòrè. Irun tó bá kéré tó sì dọ́gba máa ń di ara rẹ̀ mú. Ẹni tó bá mú irun púpọ̀ ló máa ń ní láti fà á." Ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Bí irun tí èèyàn mú bá pọ̀, ó wúwo, á fẹ́ máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀; onídìrí á wá máa fà á kí ó má bọ́; awọ ìrù á máa ro ẹṣin, ẹṣin á sì máa ju ìrù. Ìwọ̀n ló ń ṣiṣẹ́ tí àwọn èèyàn rò pé agbára ń ṣe.

Ọmọdébìnrin kan tó ń wá kọ́ṣẹ́ ní ọgbà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń di ìrù ẹṣin kékeré kan. Ó yá lọ́wọ́, ó sì fẹ́ parí ṣáájú wa. Nígbà tó dé àárín ìrù, òkè ti tú. Ìyá náà kò bá a wí. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n rin irun náà, wọ́n mú ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí ìrù, wọ́n sì fi ìka tirẹ̀ yọ irun bíńtín. "Èyí nìkan," ni wọ́n wí. Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀, ó rọra ń ṣe é, ahọ́n rẹ̀ sì wà ní igun ẹnu rẹ̀. Ẹṣin kékeré náà ki orí bọ inú koríko rẹ̀, kò tún ju ìrù mọ́.

Nígbà tó kàn mí, ọwọ́ mi gba abẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dirun nílé: ẹ̀ka etí ń gba abẹ́ ẹ̀ka àárín kọjá, ìyẹn ló ń mú kí ojú dídì yọ sókè lórí awọ orí, yálà ṣùkú ni tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ti ìyá náà ń gba òkè, nítorí náà dídì tiwọn tẹ́ mọ́ ìrù pẹrẹsẹ. Wọ́n wo èyí tí mo ṣe fún ìgbà pípẹ́, wọ́n fi ìka tọ ojú rẹ̀ lọ. Wọ́n wá sọ fún mi pé àwọn onídìrí ẹṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ọ̀nà méjèèjì, pé èyí tó ń gba abẹ́, tí ojú rẹ̀ ń yọ sókè, ni ọ̀pọ̀ ka sí iṣẹ́ àgbà, torí pé ojú rẹ̀ hàn ketekete sí adájọ́ láti ọ̀ọ́kán, àléébù rẹ̀ náà sì ń hàn bẹ́ẹ̀. Mo rántí orúnkún ìyá mi, níbi tí mo ti kọ́ ọ. Ọgbọ́n kan náà ni, ọ̀nà jíjìn ló wà láàárín ibi méjèèjì.

Ohun tí orúnkún ìyá mi kò kọ́ mi ni bí a ti ń dúró de ẹran. Ẹni tó ń dirun ní Ìjẹ̀bú á jókòó, onírun á jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ. Ẹṣin kì í jókòó. Nígbà mìíràn á sinmi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, ìdí rẹ̀ á dà sí ẹ̀gbẹ́, ìrù náà á sì dà tẹ̀lé e. Bí èèyàn bá ń dì lọ ní àkókò yìí, dídì á wọ́ nígbà tí ẹṣin bá tún dúró dáadáa. Àfi kí èèyàn di ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú, kí ó dúró. Bí ìrù bá gbéra sókè lójijì, ìgbẹ́ ló fẹ́ yà. Èèyàn á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìjáwọ́, á jẹ́ kí ó ṣe tán, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí dídì bá ti dé bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta egungun ìrù, wọn kì í yọ irun etí kún un mọ́. Ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lọ́wọ́ ni wọ́n á dì lọ títí dé ìparí, ó máa di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Wọ́n á fi òwú so ẹnu rẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ okùn náà po padà sókè, wọ́n á ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ ibi tí dídì ti parí, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ gán an kí ó má yọ. Irun ìsàlẹ̀ tó kù á máa fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀, wọ́n á fi òòyà yà á kí ó dán.

Báńdéèjì ló kẹ́yìn, òun ló sì léwu jù. Wọ́n ń fi wé ìrù kí dídì lè tẹ́ dáadáa títí di àkókò ìdíje. Báńdéèjì gbígbẹ ni wọ́n ń lò, torí pé èyí tó bá tutù máa ń fún bó bá ti ń gbẹ, á sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ìyá náà ti rí ìrù tí wọ́n fún jù, tí irun funfun hù sójú ibi tí báńdéèjì gbé fún un. Èyí tó bá burú jùyẹn, ìrù á kú. Nítorí náà, okùn báńdéèjì kò gbọ́dọ̀ le ju báńdéèjì fúnra rẹ̀ lọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó sun ara ẹṣin mọ́jú. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ lára ìrù tí wọn kò dì, wọ́n á kàn fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti ìrù dídì, wọ́n gbọ́dọ̀ ká a kúrò yípo yípo, bí wọ́n ṣe wé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo iṣẹ́ á bá a lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ìtàn kan fún mi tí kò kúrò lọ́kàn mi. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi ń gé ìrù ẹṣin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tegungun tẹran. Àwọn tó ń fi ẹṣin túlẹ̀ àti àwọn tó ń fi í fa kẹ̀kẹ́ ń gé e kí ìrù má baà kọ́ okùn ìjánu. Àwọn ọlọ́lá ń gé e fún faaji, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àṣà ìgbà náà wí. Ní 1877, Anna Sewell gbé ìwé Black Beauty jáde, ìwé tí ẹṣin ti ń sọ ìtàn ara rẹ̀, ó sì fi ẹṣin àgbà kan tó ń jẹ́ Sir Oliver sínú rẹ̀, tí wọ́n gé ìrù rẹ̀ nígbà èwe, tí kò sì rí nǹkan fi lé eṣinṣin mọ́ títí ayé. Ó di 1949 kí òfin tó fòfin de gígé ìrù ẹṣin ní Gẹ̀ẹ́sì, àfi bí oníṣègùn ẹranko bá rí i pé àìsàn tàbí ọgbẹ́ ló fà á. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìrù kọ́ okùn gbọ́dọ̀ dì í. Ibi tí ọ̀bẹ ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ onídìrí ló wà níbẹ̀ báyìí.

Pápá ìdíje Harrogate ni mo ti wá rí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ní oṣù Keje, ilẹ̀ ti ń mọ́ kí aago márùn-ún tó lù, àwọn onídìrí ẹṣin sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Afẹ́fẹ́ tutù, èéfín ń jáde lẹ́nu ẹṣin, àwọn èèyàn gun orí àpótí láti di gọ̀gọ̀ ọrùn wọn. Abo ẹṣin pupa wa jáde láàárín àwọn ẹṣin ọdẹ. Láyé àtijọ́, wọ́n ń di irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ nírù kí ẹrẹ̀ àti ẹ̀gún má baà dà á láàmú nínú igbó. Lónìí, wọ́n ń dì í kí adájọ́ lè rí bí itan àti ìdí rẹ̀ ṣe kún tó. Bó ṣe ń rìn lọ níwájú wa, ojú dídì náà dúró lójú egungun rẹ̀ gbọnrangandan.

Kì í ṣe gbogbo ẹṣin ni wọ́n ń dì. Àwọn ẹṣin kéékèèké tó jẹ́ ọmọ bíbí òkè àti pápá ilẹ̀ náà, bíi Fell àti Dales ti àríwá Gẹ̀ẹ́sì, ń jáde pẹ̀lú irun wọn bó ṣe hù, gọ̀gọ̀ bò wọ́n lójú, ìrù ń gbálẹ̀. Ẹwà ìran wọn nìyẹn, ẹni tó bá dì í ti bà á jẹ́. Mo fẹ́ràn òfin yìí gidigidi. Ó fi hàn pé àwọn tó mọ dídì mọ ibi tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró.

Ẹṣin Shire ló mú mi dúró pẹ́ jù. Akọ rẹ̀ máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 173 láti ilẹ̀ dé èjìká, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n ká ìrù rẹ̀ jọ sókè, wọ́n dì í, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù àti ìko dè é. Ìko náà ni wọ́n fi di gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀, wọ́n sì gún àwọn òdòdó kéékèèké sínú rẹ̀ ní ìlà kan. Mo fọwọ́ pa á wò, mo sì mọ̀ ọ́n: ìko ni lóòótọ́, irú èyí tí igi ọ̀gọ̀rọ̀ wa ń mú jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Madagascar ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ wọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó bá ń ka èyí ní Èkó lè rí irú iṣẹ́ yìí láìwọ ọkọ̀ òfuurufú. Ní pápá pólò Ìkòyí, wọ́n máa ń di ìrù ẹṣin, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á sì wé e ṣinṣin, kí ọ̀pá ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù má baà kọ́ ọ. Àwọn olùtọ́jú ẹṣin ló ń ṣe é ní ẹ̀yìn pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wẹ ẹṣin Ojúde Ọba àti ti Ìlọrin, tí wọ́n ń fún un ní omi, tí wọ́n ń yẹ pátákò rẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń mú un dúró nígbà tí ìbọn bá ń dún. Láàfin Ọ̀yọ́, oyè ni Olókùn Ẹṣin, ẹni tí ẹṣin ọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin yẹ ní àpọ́nlé. Ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ ìdílé àti ẹgbẹ́ lójúde Awùjalẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka orúkọ àwọn olùtọ́jú ẹṣin pẹ̀lú, kí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún aṣọ.

Mo sì mọ̀ dájú pé a ní ọwọ́ tó lè di ìrù àwọn ẹṣin náà. Onídìrí Ìjẹ̀bú, onídìrí Ìbàdàn, onídìrí tó na àga sílẹ̀ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn ló mọ ìwọ̀n irun, wọ́n mọ bí ojú dídì ṣe ń tò. Ẹṣin fúnra rẹ̀ ló kù kí wọ́n mọ̀. Èyí tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bá olùtọ́jú ẹṣin, kí ó kí i dáadáa, kí ó sì jẹ́ kí ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń dúró ti ẹran náà. Kí ó gba apá èjìká wọlé. Kí ó dúró títí ìrù yóò fi dẹ̀. Kí ó mú irun díẹ̀, kí ó mú un lóòrèkóòrè. Bí ayẹyẹ bá sì parí, kí ó má ṣe lọ sílé láìtú u: kí ó gé òwú rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, kí ó fi ìka tú dídì náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ó fi omi pa á lára kí irun lè nà padà, nítorí ẹṣin ló ni ìrù rẹ̀, yóò sì nílò rẹ̀ ní alẹ́.